Ọ̀NÀ Ọ̀FUN, Ọ̀NÀ Ọ̀RUN: Bí Oúnjẹ Bá Ń Há Yín Lọ́fun, Ẹ Má Fi Ṣeré

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ ọ̀fun la fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ ó ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí. Níbi ìnáwó, òun ní í jẹun pẹ́ jù. Á gé ẹran wẹ́wẹ́, á mumi lé òkèlè kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ ẹran á há. Àwọn kan á ní fáàrí ló ń ṣe, àwọn mìíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Bó bá jẹ́ ọmọdé tó ń bì, tí kò fẹ́ jẹun, wọ́n á nà án. Ọmọ ọ̀hún sì lè má jẹ̀bi rárá.

Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní eosinophilic esophagitis. Lọ́dún 1993 ni Dókítà Stephen Attwood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ pé àìsàn ọ̀tọ̀ ni, kì í ṣe omi kíkan tó ń ti inú ru sókè lásán. Àwọn ọmọ ogun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń jẹ́ eosinophil. Wọ́n máa ń bá aràn jà. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, oúnjẹ ni wọ́n ń bá jà. Wọ́n á kóra jọ sí ọ̀nà ọ̀fun, ibẹ̀ á wú. Bó bá pẹ́, á le, á sì fún. Ìyẹn ló ń mú kí ẹran há.

Dókítà á ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà gba ẹnu wọlé, á bu ẹran ara bín-ín-tín jáde láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n.

Oúnjẹ mẹ́fà ló sábà ń fà á: mílíìkì, àlìkámà (bíi búrẹ́dì àti bọ́ǹsì), ẹyin, sóyà, ẹ̀pà àti kajú, pẹ̀lú ẹja àti edé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2023, àgbàlagbà 129 ni wọ́n lò. Nínú àwọn tó yẹra fún mílíìkì nìkan, 34 nínú 100 ni ọ̀fun wọn rọlẹ̀; nínú àwọn tó yẹra fún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, 40 nínú 100. Ẹ rí i pé ìyàtọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi oúnjẹ du ọmọ lórí àbá. Ẹ jẹ́ kí dókítà tọ́ yín sọ́nà. Oògùn náà wà fún un.

Ẹ̀yin olóúnjẹ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Bí oníbàárà bá bèèrè pé, “Màmá, ṣé edé wà nínú mọ́ínmọ́ín yìí? Ṣé ẹ lọ sóyà mọ́ ògì yìí?” ẹ sọ òótọ́ fún un. Ẹ má ní, “Jẹ ẹ́ jàre, díẹ̀ ni.” Díẹ̀ yẹn lè dá a padà sí ilé ìwòsàn.

Paríparí rẹ̀, bí ẹran bá há, tí itọ́ pàápàá kò ṣeé gbé mì, ẹ má fi òkèlè ẹ̀bà tì í. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ sáré lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń dáwó àjọ. Ẹ ṣọ́ ọ̀fun yín o.