Oúnjẹ Ẹja Àrọ̀: Báwo Ló Ṣe Yẹ Kó Pọ̀ Tó?

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó yá owó ẹgbẹ́ láti fi sin ẹja àrọ̀ ló ń béèrè pé báwo ni oúnjẹ ẹja ṣe yẹ kó pọ̀ tó lójúmọ́. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, torí nínú gbogbo owó tí à ń ná lórí ẹja, ti oúnjẹ ló pọ̀ jù. Ó sábà máa ń ju ìdajì lọ. Ẹni tó bá ń fi ojú lásán wọn oúnjẹ, èrè rẹ̀ lè ti rì sísàlẹ̀ omi kí ọjọ́ títà tó pé.

Òṣùwọ̀n ni ká lò. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ fi àwọ̀n kó 20 ẹja, ẹ wọ̀n wọ́n pọ̀, kí ẹ sì pín in sí 20. Ìwọ̀n ẹja kan nìyẹn. Ẹja tó ti kúrò ní ọmọ wẹ́wẹ́, kílò 3 oúnjẹ lójúmọ́ fún kílò 100 ẹja kò burú. Bí ẹ bá ní ẹja 500, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 200, kílò 100 ni gbogbo wọn. Ẹ fún wọn ní kílò kan ààbọ̀ láàárọ̀, kílò kan ààbọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọmọ ẹja ní tiwọn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi wé ìwọ̀n ara wọn. Díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́.

Síbẹ̀, ẹja fúnra rẹ̀ ni adájọ́. Ẹ má da oúnjẹ sílẹ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ dúró wò wọ́n. Bí wọn ò bá sáré sí i mọ́, ó ti tó nìyẹn, ẹ dáwọ́ dúró. Àjẹkù a máa jẹrà, a máa ba omi jẹ́, omi tó bàjẹ́ a sì máa pa ẹja. Bí omi bá ń rùn, ẹ dá oúnjẹ dúró ná, kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ omi.

Ẹ má sì fi ebi pa wọ́n o! Àrọ̀ tí ebi ń pa, ńlá a máa gbé kékeré mì. Ẹ ṣà wọ́n, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀.

Ní ìparí, ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa kọ oúnjẹ ojoojúmọ́ sí. Owó gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́. Ẹni tó bá mọ iye tó ná ló máa mọ iye tó yẹ kó tà á, tí yóò san gbèsè, tí èrè yóò sì kù sí i lọ́wọ́.