Ewúrẹ́ ló ń jẹ ohun tí ìfun wa ń wá: ọ̀rọ̀ àìrígbẹ́yà nígbà ààwẹ̀ n'Ílọrin

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ la fẹ́ sọ lónìí, ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ jẹun tán ná.

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin, tá a jọ ń gbé ní Tanke, lo ọjọ́ márùn-ún nínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì láìyàgbẹ́. “Bọ̀dá, inú mi ti di òkúta,” ló wí fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í se ewé asúnwọ̀n mu, ó sì ṣiṣẹ́. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé ààwẹ̀ parí tán, oṣù méjì kọjá, kò lè yàgbẹ́ mọ́ láìmu ún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ìfun ná. Ìfun ńlá gùn tó nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa omi kúrò lára ohun tó kù nínú oúnjẹ. Bí ìgbẹ́ bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ló ń gbẹ sí i. Bí oúnjẹ bá sì wọ ikùn tó ṣófo láàárọ̀, ìfun ńlá máa ń sún kẹrẹ, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ìgbẹ́ gbọ̀n wá lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Nígbà ààwẹ̀, a jẹ sààrì tán, a tún padà sùn, a ò mumi títí ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kì í yà tó ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ le, tó ń fi agbára tì í, òun ni àwọn dókítà ń pè ní ẹni tó ní àìrígbẹ́yà. Ẹni tó ń yà ní ọjọ́ méjì-méjì, tó sì ń rọ̀, kò ṣàìsàn o.

Ẹ wá wo oúnjẹ ìṣínu wa. A fi ọ̀gì po kókó, ṣùgbọ́n a ti sẹ́ èérí rẹ̀ kúrò. A dín àkàrà, ṣùgbọ́n a ti bó èèpo ẹ̀wà dànù. Gbẹ̀gìrì náà, bíbó ni. Ibi tí fáíbà wà gan-an nìyẹn, ewúrẹ́ ló sì ń jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé. (Abájọ tí ewúrẹ́ ò fi níṣòro.) Lọ́dún 1972, Denis Burkitt, oníṣẹ́-abẹ tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé ìgbẹ́ àwọn ará abúlé Áfíríkà pọ̀, ó sì ń tètè jáde ju tàwọn ará Bìrìtìkó lọ, nítorí fáíbà inú oúnjẹ wọn. WHO náà sọ lọ́dún 2023 pé kí àgbàlagbà jẹ fáíbà tó gíráàmù 25, ó kéré tán, lójúmọ́.

Àwọn ará Íńdíà ní ìmọ̀ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní Ayurveda, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ kan wà lára tó ń jẹ́ Vata, tó tutù tó sì gbẹ. Bó bá pọ̀ jù, inú á gbẹ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn Vata fún wa, èmi ò sì ní fi ṣe ìdí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn wọn dáa: omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ láàárọ̀, oúnjẹ tó ń yọ̀, àkókò kan pàtó fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n tún ń lo isabgol, èèpo hóró kan tó ń fa omi mu tó sì ń yọ̀ọ́rọ́. Òun ni ìwádìí òde òní tì lẹ́yìn jù nínú wọn. Ọbẹ̀ lúrú wa, ewédú àti ilá náà ń yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń lo senna pẹ̀lú, ẹbí asúnwọ̀n wa ni. Èròjà inú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan títí á fi dé ìfun ńlá. Ibẹ̀ ni àwọn bakitéríà ti ń tú u, tí á wá máa ta ìfun jí. Ó ń gba wákàtí 6 sí 12, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mu ún lálẹ́. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà fún. Bó bá di ojoojúmọ́, ó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, kí potassium ara sì lọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan ọkàn nílò rẹ̀. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n rẹ sínú ọtí ni, wàhálà méjì nìyẹn.

Ẹ má sì rò pé èyí tó ti Íńdíà wá nìkan ló mọ́. Ìwádìí kan lọ́dún 2004 yẹ oògùn Ayurveda 70 wò nílùú Boston, wọ́n bá òjé, mercury tàbí arsenic nínú 14.

Àbúrò mi ń dín asúnwọ̀n kù díẹ̀díẹ̀. Ó ń mumi dáadáa láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń jẹ àdàlú tí èèpo ẹ̀wà wà lára rẹ̀, ìbẹ́pẹ, àti ọsàn tòun ti ẹran ara rẹ̀, kì í kàn-án fa omi rẹ̀ mu. Bó bá jẹun àárọ̀ tán, ó ń jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó á gbé ẹsẹ̀ lé àpótí kékeré, torí lílóṣòó máa ń jẹ́ kí ọ̀nà náà là. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Fáíbà láìsí omi máa ń dì ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan tàn yín.

Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, bí inú bá wú tí ẹ ò lè sófẹ́ẹ́ mọ́, bí ẹ bá ń bì, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ fi àgbo sílẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ. Aláboyún náà, kó bi dókítà kó tó fẹnu kan asúnwọ̀n.