Ẹjọ́ Tí A Ti Dá Kí A Tó Gbọ́ Ọ: Àyẹ̀wò Fíìmù Sophie Scholl

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò sọ pé ẹni tí a dá lẹ́bi kò jẹ̀bi. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìdájọ́ tí a kò ti gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́ ti di ìwà ìkà, ìbáà tilẹ̀ bá ìwé òfin mu. Ojú òwe yìí ni a fẹ́ fi wo fíìmù Jámánì kan, Sophie Scholl – Die letzten Tage, tí ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ jẹ́ 'Sophie Scholl: Àwọn Ọjọ́ Ìkẹyìn'. Marc Rothemund ni ó darí rẹ̀, Fred Breinersdorfer ni ó kọ ọ́, ó sì jáde ní ọdún 2005. Èrò wa ni pé bí fíìmù yìí ṣe pín ọ̀rọ̀ sísọ láàrin àwọn ẹ̀dá-ìtàn ni ó fi tú àṣírí ìjọba apàṣẹwàá.

Kókó Ìtàn Náà

Ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1943, láìpẹ́ sí ìgbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì jọ̀wọ́ ara wọn ní Stalingrad, Sophie Scholl, ọmọ ọdún 21, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hans, ọmọ ọdún 24, kó ìwé ìpolongo tí ó tako ìjọba Hitler lọ sí Yunifásítì ìlú Munich tí wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Òṣìṣẹ́ kan tí ń mójú tó ilé náà rí wọn, ó sì mú wọn. Ìwé tí wọ́n bá lápò Hans ni ó mú kí wọ́n wá Christoph Probst, bàbá ọmọ mẹ́ta, kàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù náà, wọ́n kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Ilé-Ẹjọ́ Aráàlú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, wọ́n bẹ́ wọn lórí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stadelheim.

Ọ̀rọ̀ Nínú Yàrá Ọlọ́pàá

Nínú yàrá Robert Mohr, ọlọ́pàá inú Gestapo, ni fíìmù yìí pẹ́ sí jù. Ìbéèrè ń lọ, ìdáhùn ń bọ̀. Sophie kọ́kọ́ sẹ́, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n dá a sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rí fojú hàn, ó jẹ́wọ́, kò sì kábàámọ̀. Òfin ni Mohr dì mú. Ẹ̀rí-ọkàn ni Sophie dì mú. Mohr fi ọ̀nà àbáyọ hàn án, pé kí ó sọ pé ẹ̀gbọ́n òun ni ó fa òun wọ̀ ọ́. Sophie kọ̀.

Ọ̀rọ̀ Nínú Ilé-Ẹjọ́

Bí a bá dé ilé-ẹjọ́, níbi tí ó yẹ kí a ti gbọ́ tẹnu oníkálukú, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti tán. Roland Freisler, adájọ́ tí ó ti Berlin wá, wọ ẹ̀wù pupa, ó ń jágbe, ó ń bú wọn, ó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn. Àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n yàn fún wọn kò gbèjà wọn. Nígbà tí bàbá àwọn Scholl wọlé láti sọ̀rọ̀, wọ́n tì í síta. Probst ń bẹ̀bẹ̀ nítorí àwọn ọmọ rẹ̀. Etí dídi ni ó bá pàdé. Ìwọ̀nba tí Sophie rí sọ ni pé ohun tí àwọn kọ wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Ìbéèrè kan wá jẹ yọ. Ìjọba tí ó lè pa ènìyàn lóru, kí ló ń fi ilé-ẹjọ́ ṣe? Ìdáhùn tí a rí ni pé ìpànìyàn ni a ó máa pe pípa láìsí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá ti wọ ẹ̀wù, tí akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ yóò yí padà di òfin. Gbogbo ẹni tí ó jókòó síbẹ̀ láìfọhùn sì ti fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹjọ́ yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1934, ṣe dá ẹjọ́ ikú fún àwọn ènìyàn tí ó ju 5,000 lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Àkọsílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn ọlọ́pàá, èyí tí ó wà nípamọ́ ní Jámánì Ìlà-Oòrùn títí di ọdún 1990, ni àwọn tí ó ṣe fíìmù náà gbé iṣẹ́ wọn kà. Ìwé tí wọ́n kọ láti fi pa Sophie ni ó wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀. Síbẹ̀, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra: ọwọ́ ọlọ́pàá ni ó kọ ọ́, ohùn pẹ̀lẹ́ Mohr kò sì sọ ọ́ di aláìlọ́wọ́ nínú ikú wọn.

Ní ọdún 1949 ni òfin Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn fi òpin sí ìdájọ́ ikú. Ní ọdún 1985, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn kéde pé Ilé-Ẹjọ́ Aráàlú kì í ṣe ilé-ẹjọ́ rárá, irinṣẹ́ ìpayà ni. Ó ti tó ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn ikú àwọn ọ̀dọ́ náà. Ìdí nìyí tí a fi rọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wo eré ilé-ẹjọ́ kí ó má ṣe dúró lórí ìdájọ́ nìkan. Kí ó ka iye ìgbà tí olùjẹ́jọ́ rí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ parí. Níbi tí kò bá ti rí i sọ, ẹjọ́ ti dá kí a tó jókòó.