Ìdí Tí Colorado Fi Bẹ̀rẹ̀ Dáadáa, Tó sì Já Wálẹ̀

Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ níbí, tí ẹnì kan bá ní òun ń lọ wo bọ́ọ̀lù, ẹ ò ní bi í pé irú èwo. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni, ì báà jẹ́ Arsenal, ì báà jẹ́ Remo Stars. Èyí tí mo fẹ́ ṣàlàyé lónìí yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, ọwọ́ ni wọ́n fi ń jù ú, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a. Àwa ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè á ti rí wàhálà tó wà níbẹ̀: "ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀" tí àwọn oníròyìn wa máa ń lò kò bá a mu rárá. "Eré" ni n ó máa pè é. "Akọ́nimọ̀ọ́gbá" ní tirẹ̀ ṣì wúlò fún wa, torí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan lọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, University of Colorado tó wà ní ìlú Boulder gba Deion Sanders síṣẹ́. Ìlúmọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù ni nígbà tiẹ̀, ó gba Super Bowl lẹ́ẹ̀mejì. Jackson State ní Mississippi, ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀, ló ti ń kọ́ni tẹ́lẹ̀. Eré 12 ni Colorado ti gbá lọ́dún yẹn kó tó dé. Ẹyọ kan péré ni wọ́n borí.

Nígbà tí Sanders kọ́kọ́ pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó bá nílẹ̀, kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní òun ń gbé ẹrù tòun bọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ tètè máa lọ. Òfin gbè é lẹ́yìn. Láti 2018 ni àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ti ṣí àkọsílẹ̀ kan tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ á forúkọ sí kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè máa pè é. Ní 2021, wọ́n tún gbà kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́gán níbi tó bá lọ, dípò kó fi ọdún kan jókòó. Láàárín oṣù díẹ̀, ó ju 50 akẹ́kọ̀ọ́ tó kúrò ní Colorado. Nígbà tí sáà tuntun máa fi bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lé ní 80.

Ẹ fi ara yín síbẹ̀. Ẹ ti wà ní 300 level, ọ̀gá tuntun dé, ó ní kí ẹ wá ibòmíràn lọ. Lóòótọ́, òfin ní kí ilé-ẹ̀kọ́ ṣì máa san owó ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun bá yọ, tó bá fẹ́ dúró kàwé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, ṣé owó ilé-ìwé nìkan ló bá lọ? Lójú tèmi, ó le jù. Àwọn tó fara mọ́ Sanders ní tiwọn á ní ikọ̀ tó borí ẹ̀ẹ̀kan nínú 12 kò ní ohun tó ń dáàbò bò.

Ìbẹ̀rẹ̀ sáà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Sanders láre. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án 2023, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ níbí, wọ́n lọ bá TCU ní Fort Worth. TCU yìí ló dé àṣekágbá ní sáà tó ṣáájú. Colorado nà wọ́n ní 45 sí 42. Shedeur, ọmọ akọ́nimọ̀ọ́gbá, ju bọ́ọ̀lù fún 510 yáàdì, iye tí ẹnikẹ́ni ò jù rí ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Travis Hunter ń gbá níwájú, ó tún ń gbá lẹ́yìn, ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dán wò mọ́. Wọ́n na Nebraska ní 36 sí 14, wọ́n na Colorado State ní 43 sí 35. Eré mẹ́ta, ìborí mẹ́ta.

Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Oregon ni ojú là: 42 sí 6. USC náà borí wọn. Wọ́n rọ́nà bọ́ lọ́wọ́ Arizona State ní 27 sí 24, ó wá kan Stanford ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá. Aago mẹ́ta òru ni níbí. Nígbà ìsinmi, Colorado ti ní 29, Stanford ò ní nǹkan kan. Dátà mi tán níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo bá 46 sí 43 lórí fóònù, Stanford ló borí. Colorado ò tún borí ẹnikẹ́ni mọ́ ní sáà náà: mẹ́rin nínú 12.

Kí ló fà á? Hunter farapa nínú eré kẹta, eré mẹ́ta ló fi wà nílé. Àwọn ẹ̀yìn wọn náà ò di ẹnu ọ̀nà dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mí jù láti wò ni ìlà iwájú. Ìgbìyànjú mẹ́rin ni ikọ̀ tó ní bọ́ọ̀lù ní láti fi sún yáàdì mẹ́wàá síwájú. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń pè ní quarterback, ń wá ẹni tó máa jù ú sí, àwọn ọkùnrin fìrìgbọ̀n márùn-ún sì dúró síwájú rẹ̀ kí àwọn alátakò má baà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn márùn-ún yìí gbọ́dọ̀ máa sún bí ẹni kan. Bí èkejì bá ṣèèṣì tẹ̀ sí òsì nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ rò pé ọ̀tún ló ń lọ, àlàfo ti ṣí. Ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́ta ni wọ́n gbé Shedeur lulẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ní sáà yẹn. Oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kó àwọn ará iwájú rẹ̀ jọ, wọn ò tíì mọ ìrìn ara wọn.

Àwọn tó mọ eré náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bùn kan wà, Joe Moore Award, tí wọn kì í fún ẹyọ ẹnì kan; gbogbo ìlà iwájú ni wọ́n ń fún lápapọ̀. Michigan gbà á ní 2021, wọ́n tún gbà á ní 2022. Ẹni tó wà láàárín gbùngbùn ìlà náà ní 2022 ni Olu Oluwatimi, tí orúkọ rẹ̀ kò nílò ògbufọ̀ lọ́dọ̀ wa. Àlejò lòun náà, Virginia ló ti wá lọ́dún yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Rimington àti Outland fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kan ló wọ àárín àwọn tó ti jọ wà ní Michigan tipẹ́. Ní Colorado, àlejò ló wá pàdé àlejò.

Ní 2024, Colorado borí mẹ́sàn-án nínú eré 13, Hunter sì gba Heisman, ẹ̀bùn tó ga jù fún agbábọ́ọ̀lù yunifásítì. Lẹ́yìn náà ni òun àti Shedeur lọ sí NFL. Ní 2025, mẹ́ta péré ni wọ́n borí nínú 12.