Ẹ̀yìn Fọ́tò Inú Fóònù

Ère Amazone tí wọ́n ṣí ní Kútọnu lọ́jọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2022 ga tó mítà 30, ó sì ṣòro kí àlejò kọjá níwájú rẹ̀ láì fa fóònù yọ. Ère, ojú ọ̀run àti àwọn tó ń kọjá lọ ni ojú ẹni tó ya fọ́tò náà rí. Fóònù rí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú fáìlì kan náà tí àwòrán wà, ó ti kọ ọdún, oṣù, ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀ títí dé ìṣẹ́jú-àáyá. Ó kọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù àti irú èyí tó jẹ́. Ó kọ bí ojú lẹ́ńsì ṣe là tó àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó padé. Bí olóhun bá ti gba kámẹ́rà láyè láti mọ ibi tí òun wà, nọ́ńbà méjì á tún tẹ̀ lé e: bíi 6°21′ síhà àríwá, 2°25′ síhà ìlà-oòrùn. Fóònù a sì máa gé àwọn nọ́ńbà yìí sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi ku ìwọ̀n mítà díẹ̀, tí èèyàn fi lè mọ ẹ̀gbẹ́ ère tí oníyàwòrán dúró sí.

Métádátà ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ yìí. Exif, ìlànà tí kámẹ́rà fi ń kọ ọ́, jáde láti ilẹ̀ Japan ní 1995, ṣùgbọ́n èrò tó wà nídìí rẹ̀ dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn onífọ́tò àtijọ́ a máa lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀yìn fọ́tò, àwọn ẹbí a sì fi bírò kọ orúkọ àti ọdún sí abẹ́ òǹtẹ̀ náà. Nígbà tí onífọ́tò Frédéric Gadmer bá àlùfáà Francis Aupiais káàkiri ilẹ̀ Dahomey ní 1930 fún àkójọ àwòrán Albert Kahn, àwòrán aláwọ̀ tí ó yà lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n wúlò fún ẹni tó ń wò wọ́n lónìí ni àkọsílẹ̀ ibi àti ọjọ́ tó bá wọn rìn. Yọ ìyẹn kúrò, ohun tó kù ni àwọn kan níbì kan. Métádátà ni ẹ̀yìn fọ́tò tiwa, ìdàkejì ni a sì ń lò ó: à ń há a fún ẹni tí kò yẹ kó rí i, a sì ń jẹ́ kó sọnù níbi tí a ti máa nílò rẹ̀ jù.

Orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ fọ́tò ń gbà rìn ní Kútọnu. WhatsApp a máa fún fọ́tò pọ̀ kó lè fúyẹ́, a sì nu ẹ̀yìn rẹ̀ nù kó tó fi í ránṣẹ́. Lórí fóònù Android, ó tún máa ń fún un ní orúkọ tuntun, bíi IMG-20240315-WA0007, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí 2024, 03 àti 15, wọ́n á ní ọjọ́ tí wọ́n yà á nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí fọ́tò náà gba ọwọ́ WhatsApp kọjá ni. Fọ́tò ìjà tàbí omíyalé tó ti wà láti ọdún mẹ́wàá, tí ẹnì kan bá tún un gbé sí WhatsApp láàárọ̀ yìí, ọjọ́ òní ni yóò wọ̀ bí aṣọ. Ti Facebook yàtọ̀ díẹ̀. Òun náà kì í jẹ́ kí àwọn tó ń wo fọ́tò rí ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde sọ pé ó lè gba ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe fáìlì. Èyí tí WhatsApp dà nù, Facebook lè fi í sápò.

Ohun tí èèyàn ń pàdánù bí ẹ̀yìn fáìlì bá sọnù hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ Lekki ní Èkó, tí kò jìnnà sí Kútọnu lójú títì. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn níbi ìwọ́de ní ẹnubodè owó Lekki lálẹ́ ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí CNN gbé ìwádìí rẹ̀ jáde lóṣù Kọkànlá, àkókò àti àwọn àkọsílẹ̀ mìíràn tó wà nínú fáìlì fídíò àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn wà lára ohun tó fi mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ìjọba bu ẹnu àtẹ́ lu ìwádìí náà, àmọ́ ẹ̀rí ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wá fi ti Cameroon wé e. Fídíò kan jáde ní 2018 tó fi àwọn ológun hàn níbi tí wọ́n ti ń pa àwọn obìnrin àti ọmọdé; ìjọba ibẹ̀ kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Fídíò náà ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn títí kò fi ní ẹ̀yìn mọ́. BBC Africa Eye ní láti fi etí òkè tó wà lẹ́yìn àwọn èèyàn náà wé àwòrán sátẹ́láìtì kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ìlú Zelevet ni, wọ́n sì wo òjìji àwọn ológun tó ń rìn bí ẹni ń wo aago kí wọ́n tó lè sọ pé àárín 20 oṣù Kẹta sí 5 oṣù Kẹrin ọdún 2015 ni. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ ológun rán mẹ́rin nínú àwọn ológun náà lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Gbogbo làálàá yẹn ni ìlà méjì péré nínú fáìlì àkọ́kọ́ ìbá ti dín kù.

Àwọn kan á ní kí wá ni àǹfààní ohun tí ọmọdé lè yí padà? Wọn ò jayò pa. ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí Phil Harvey ṣe, ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè sọ ọjọ́ òní di ti èṣí kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àṣìṣe tún wà tí kò ní ìkà nínú. Aago Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Kútọnu. Ẹni tó bá gbé kámẹ́rà láti Lomé gba ẹnubodè Hillacondji wá sí Kútọnu láì tún aago rẹ̀ ṣe, aago mẹ́sàn-án ni yóò hàn lórí fọ́tò tó yà láago mẹ́wàá. Ọdún 2016 ni Exif ṣẹ̀ṣẹ̀ pèsè àyè tí kámẹ́rà lè kọ aago ìlú tó ń tẹ̀ lé sí. Àmọ́ ẹlẹ́rìí tó lè parọ́ là ń fi ìbéèrè wá lẹ́nu wò, a kì í lé e jáde ní kóòtù. Bí GPS bá wà níbẹ̀, ó ní aago tirẹ̀, aago Greenwich, tó gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan rẹlẹ̀ sí aago Kútọnu. Bí méjèèjì bá dọ́gba, aago fóònù kò sí ní Kútọnu. Oòrùn náà wà níbẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, apá àríwá ìlú ni oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà, òjìji á sì na síhà òkun. Ní oṣù Kejìlá, síhà ọ̀sà Nokoué ló ń na sí. Fọ́tò tó bá ní oṣù Keje lọ́sàn-án ni wọ́n ya òun, tí òjìji inú rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, ó ní àlàyé láti ṣe. Ẹni tó yí ọjọ́ padà kì í sábà rántí yí òjìji.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo máa ń gbọ́ ni, “Ta ló ń wá mi?” John McAfee, olówó tó dá ilé-iṣẹ́ tó ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mọ̀ pé wọ́n ń wá òun ní 2012. Oníròyìn tó bá a rìn gbé fọ́tò kan jáde láì nu ẹ̀yìn rẹ̀, ayé sì mọ̀ pé Guatemala ló wà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú un. Ọ̀rọ̀ náà tún kan ẹni tí ẹnikẹ́ni kò wá. Ẹni tó fẹ́ ta jẹnẹrétọ̀, tó yà á nínú àgbàlá rẹ̀, tó sì fi fáìlì náà gan-an ránṣẹ́ sí oníbàárà tí kò mọ̀ rí, ti fi ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ hàn án kí wọ́n tó dúnàádúrà. Òfin ayélujára orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, nọ́ńbà 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 2018, dá ààbò bo ìsọfúnni ara ẹni, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè pe fọ́tò tó ti lọ padà.

Ẹ̀dà tó ń jáde síta ni kí á nù lẹ́yìn. Ojúlówó ni kí á fi pa mọ́ bó ṣe wà. Lórí iPhone, « Options » tó wà lókè ojú ìwé tí a fi ń pín fọ́tò ni a ti lè yọ ibi tí a wà kúrò. Ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀rí dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò tàbí oníròyìn pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀, kó fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi « Document », kì í ṣe bíi fọ́tò, kó má sì pa á rẹ́ lórí fóònù tó fi yà á. Ẹni tó gbà á á ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, á lọ sí « Propriétés », á tẹ « Détails ». Kó má ṣe wo « Créé le », ọjọ́ tí fáìlì dé orí kọ̀ǹpútà yẹn nìyẹn. « Prise de vue » ni ọjọ́ tí kámẹ́rà lajú.