Àyẹ̀wò Ààyè Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Bí ènìyàn bá dúró ní Ọjà'ba ní ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò rí i pé ilẹ̀ kò tó fún gbogbo ẹni tí ó gbé ọjà wá. Bí ìyá aláta bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ẹlẹ́fọ̀ọ́ a gba ojú ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú fóònù tí a fi ń gba owó ọjà lónìí. Gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ ni ó ń du ààyè ìrántí kan ṣoṣo. Ẹni tí ń pín ààyè náà ni Linux, ètò tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Finland ní ọdún 1991, òun ni ó sì wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo fóònù Android.

Kò sí ẹni tí ó lè dá tún iṣẹ́ ìpín ààyè yìí ṣe. Yóò kọ àtúnṣe rẹ̀, yóò sì fi í síwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbangba. Wọn yóò kà á ní ìlà dé ìlà. Ta ni ó gba ààyè yìí? Ta ni yóò dá a padà? Bí iṣẹ́ méjì bá dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a bi òun léèrè, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹni tí ó bá tẹ́ lọ́rùn a fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìdí iṣẹ́ náà bí ẹlẹ́rìí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Andrew Morton ni ó ń kó irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ jọ fún Torvalds.

Ìbéèrè kẹta ni ó le jù. Ká ní ìwé kan wà ní Gbọ̀ngàn Mápó tí ẹnikẹ́ni lè kà, tí a kò sì gbọdọ̀ kọ nǹkan sí. Bí ènìyàn bá fẹ́ kọ̀wé, akọ̀wé yóò da ìwé náà kọ, yóò sì fún un ní ẹ̀dà. Bẹ́ẹ̀ ni Linux ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2007 ni ihò kan ti wà níbẹ̀: bí ènìyàn bá sọ ẹ̀dà náà nù ní ìṣẹ́jú tí akọ̀wé yí ojú padà, ojúlówó ìwé ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí. Ẹni tí kò ní àṣẹ lè ti ibẹ̀ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Torvalds alára ti gbìyànjú láti dí irú ihò yìí ní ọdún 2005, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ kò bá irú ẹ̀rọ ńlá kan mu, a sì yọ ọ́ kúrò. Oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni a tó dí i, nígbà tí àwọn olè ti ń lò ó. Dirty COW ni wọ́n pè é. Ìlà díẹ̀ ni àtúnṣe náà. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, a rí i pé ó fi igun kan sílẹ̀.

Fóònù àtijọ́ tí àtúnṣe kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ihò náà ṣì wà nínú rẹ̀, ìbáà wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ìbáà wà lọ́wọ́ ìyá ọjà.