Bí A Ṣe Ń Bẹ Ìránṣẹ́ Tí Kò Mọ Ohun Tó Gbé Dání

Ẹ ó rántí pé ní táàmù tó kọjá, ímeèlì ẹgbẹ́ wa tì mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi akọ̀wé ni mo gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù, ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí a yí i padà, àpótí lẹ́tà náà ṣí lóòótọ́, àmọ́ àwọn lẹ́tà àtijọ́ ò ṣeé kà mọ́. Oríkì ìdílé kan wà níbẹ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan gbà lẹ́nu ìyá rẹ̀ àgbà nílé, tó sì tẹ̀ síbẹ̀ tààrà nígbà tó padà sí Mgbuoba. Kò ní ẹ̀dà mìíràn. Inú bí wa. A ní ká kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n bá wa ṣí i. Mo kọ́kọ́ wádìí ná, ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àrokò bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá so owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ, ó ń sọ pé ọkàn òun fà sí ọ, torí ẹ̀fà ni. Bó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó ń sọ pé ẹ jọra. Ẹni tó gbé e wá lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀ rárá.

Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Proton Mail. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó pàdé ní CERN, ní Swítsàlandì, ló dá a sílẹ̀, ó sì jáde fáráyé ní 2014. Bí oníbàárà Proton kan bá kọ̀wé sí èkejì rẹ̀, orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ ni lẹ́tà náà ti ń di àrokò. Iléeṣẹ́ ń tọ́jú rẹ̀, kò lè kà á.

Ìdí nìyẹn tí ohun táwọn oníbàárà ń béèrè fi máa ń le. Ẹ wo mẹ́ta.

Èkíní ni wíwá ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Ẹni tí ò lè ka ìwé, báwo ló ṣe fẹ́ wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀? Ọgbọ́n tí Proton dá ni pé kọ̀ǹpútà tìrẹ gan-an ni yóò ṣí àwọn lẹ́tà, tí yóò to atọ́ka wọn, tí yóò sì fi pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Èkejì ni àkọlé lẹ́tà. Proton kì í fi kọ́kọ́rọ́ yìí ti àkọlé, ṣùgbọ́n Tuta ti Jámánì ń tì í. Ẹ má fi àṣírí ṣe àkọlé o.

Ẹ̀kẹta ni tiwa: gbígba lẹ́tà àtijọ́ padà. Bí iléeṣẹ́ bá lè bá wa ṣí i, a jẹ́ pé ó lè ṣí ti gbogbo èèyàn nìyẹn, ẹlòmíràn náà sì lè fipá mú un kó ṣí i. Ohun tó wà ni pé Proton máa ń fún oníbàárà ní ọ̀rọ̀ méjìlá tó lè fi gba lẹ́tà rẹ̀ padà, kó kọ ọ́ sórí ìwé, kó tọ́jú rẹ̀. Iléeṣẹ́ tiwa náà ní irú rẹ̀. A ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Torí náà, a yí lẹ́tà wa padà. Dípò “ẹ bá wa ṣí i,” a kọ ohun tí à ń ṣe, ohun tí a rí, àti ohun tí à bá fẹ́ rí: kí ìkìlọ̀ hàn gbangba kéèyàn tó yí páásíwọ̀ọ̀dù padà. Ẹni tó bá fẹ́ kọ irú rẹ̀, kó kọ ọ́ báyẹn, kó má sì fi páásíwọ̀ọ̀dù sínú rẹ̀ láé.

Ìyá àgbà yẹn ṣì wà láyé, ẹ bá wa dúpẹ́. Ní họlidé, ọmọ ẹgbẹ́ wa á tún lọ jókòó tì wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìgbàpadà tuntun ti wà lórí ìwé, ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ wa.